Ẹ̀fọ̀n-Aláayè la fi ṣe ibùdó: ọ̀nà oko, òkè àti omi

Ọjọ́rú

Ìbàdàn la ti gbéra, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin, a wọ mọ́tò Iléṣà láàárọ̀ kùtù, a sọ̀kalẹ̀ ní gáréèjì, a tún wọ òmíràn tó ń gba Ìwàrájà àti Ẹ̀rìnmọ̀ lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní ìpínlẹ̀ Èkìtì. Lẹ́yìn Ẹ̀rìnmọ̀ lọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́, mọ́tò ń gòkè ó ń kérora, dẹ́rẹ́fà ń fọn fèrè ní gbogbo kọ́nà torí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó ń bọ̀ níwájú, òkè lápá kan, kòtò lápá kejì, nígbà tó yá atẹ́gùn tó ń gba ojú fèrèsé wọlé ti tutù débi pé àwọn ìyá tó jókòó níwájú wa fa ìborùn wọn bora. Àárín òkè ni ìlú náà wà. Ibi yòówù kéèyàn dúró sí níbẹ̀, tó bá gbójú sókè, òkè ló máa rí.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ ni pé ó ti pẹ́ tí inú mi ò ti dùn sí bá a ṣe ń rìnrìn àjò afẹ́ nílẹ̀ wa. Bọ́ọ̀sì á gbéra l'Ékòó lóru, á já àwọn èèyàn sí ìsàlẹ̀ Olúmirìn, omi tó ń já bọ́ láti orí òkè ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á jẹ ráìsì, wọ́n á yí padà. Bẹ́ẹ̀ omi yẹn ní orísun, òkè tó ti ń wá ní àwọn tó ń gbé orí ẹ̀, oko wà láàárín, ọ̀nà wà láàárín oko, ọ̀nà yẹn gan-an ni mo fẹ́ rìn. Ìdí nìyẹn tá a fi mú ìlú kan ṣoṣo, ìlú àgbẹ̀, ká máa sùn síbẹ̀, ká máa jáde láàárọ̀ ká máa padà nírọ̀lẹ́. Ẹ̀fọ̀n bọ́ sí i dáadáa, torí Ìpólé-Ìlórò, Ìkógòsì, Òkè-Ìmẹ̀sí, títí dé Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, kò síbi téèyàn ò lè lọ kó padà wálé lọ́jọ́ kan náà níbẹ̀.

Oṣù kọkànlá la lọ. Òjò ń parí lọ, omi ṣì kún, ọ̀nà ti ń gbẹ, kòkó sì ti pọ́n, èyí tó túmọ̀ sí pé àwọn èèyàn wà lóko, ẹni tó bá sọnù á rí ẹni béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ ẹ̀. Tó bá di oṣù kejì omi á ti fà, ọyẹ́ á ti bo gbogbo òkè, èèyàn ò ní rí nǹkan kan. Tó bá sì jẹ́ oṣù kẹsàn-án, àwọn òkúta yẹn á máa yọ̀.

Ìyá ọ̀rẹ́ mi kan ló gbà wá sílé. Nígbà tá a sọ fún wọn pé orí òkè la wá gùn, wọ́n ní, "Ṣé àdúrà lẹ wá gbà ni?" Ìbéèrè gidi ni, torí ìlú àdúrà ni Ẹ̀fọ̀n, ibẹ̀ ni wọ́n sin Àpọ́sítélì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sí lẹ́yìn tí wọ́n kú ní 1959, títí dòní àwọn èèyàn ń wá láti ibi gbogbo. A ní rárá o Màmá, rírìn la fẹ́ rìn. Wọ́n wò wá, wọ́n ní kò burú, ẹ jẹun ná.

Nírọ̀lẹ́ a rìn gba ọ̀nà àfin, torí kò dáa kéèyàn máa rìn káàkiri orí ilẹ̀ ìlú láìkọ́kọ́ kí ìlú. Mo tún fẹ́ débẹ̀ torí ìlú yìí ni ìlú Agbọ́nbíòfé, gbẹ́nàgbẹ́nà tó gbẹ́ àwọn òpó àfin Aláayè, ọkùnrin náà kú ní 1945, ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ràn iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ Yorùbá yẹ kó mọ orúkọ ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀

Òkè ẹ̀yìn ilé la kọ́kọ́ gùn, láìwọ mọ́tò rárá. Màmá bá wa sọ fún bàbá kan tí oko wọn wà lórí òkè, wọ́n ní ká wá bá wọn ní aago mẹ́fà, a débẹ̀ wọ́n ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ti pọ́n àdá, wọ́n ń dúró dè wá. Wọ́n wo bàtà kánfáàsì tó wà lẹ́sẹ̀ wa, wọ́n ní ó dáa. Bàtà róbà gígùn ló wà lẹ́sẹ̀ tiwọn.

Ọ̀nà yẹn ò fẹ̀ ju ẹsẹ̀ ènìyàn kan lọ. Ewé Akíntọlá ti bò ó lọ́tùn-ún lósì, ìrì tó wà lára ewé náà rẹ ṣòkòtò wa dé orúnkún ká tó rìn dé ibi kankan, bàbá ń lọ níwájú wọ́n ń fi àdá gbá ewé sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn ò mí sókè sódò, àwa ọmọ ìgboro ń mí bákan ṣáá lẹ́yìn. Àbúrò mi fi ẹ̀gún ya ọwọ́, bàbá já ewé Akíntọlá kan, wọ́n rún un mọ́ ọwọ́, wọ́n fún omi ẹ̀ sójú ibẹ̀, ẹ̀jẹ̀ dá. A ń lọ.

Nígbà tá a yọ sórí, oòrùn ti yọ, kùrukùru ṣì wà nísàlẹ̀, àwọn òrùlé tó ga àti ilé ìsìn nìkan ló yọrí. Ìhà gúúsù, òkè náà nà lọ títí, ojú ò tó òpin ẹ̀. Òkúta tó wà lẹ́sẹ̀ wa funfun, ó ń dán bí iyọ̀, ẹ fi èékánná ha á kò ní yí padà. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ mọ òkúta yìí dáadáa, kódà orúkọ Ẹ̀fọ̀n ni wọ́n fún un nínú ìwé wọn, Effon Psammite, quartzite ló pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ó le débi pé nígbà tí òjò ń fọ ilẹ̀ tó kù lọ, òun dúró, ìyẹn ló fi di òkè. Àmọ́ ó ní sísán nínú, omi òjò máa ń gba ojú sísán yẹn wọlẹ̀, ibi tó bá ti rí àyè ló máa ń yọ síta. Ẹ fi eléyìí sọ́kàn o, torí omi Àrìntà tó wà ní Ìpólé, Ìkógòsì, Olúmirìn, ara òkè kan náà ni gbogbo wọn ti ń jáde. Èmi ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́kàn àfìgbà tí mo dúró lókè yẹn tí bàbá fi àdá nà án fún mi, "Ọ̀hún ni Ìpólé, ọ̀hún ni Ìkógòsì, tẹ́ ẹ bá gba ẹ̀yìn ibí yìí lọ, ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà nìyẹn."

Ìgbà tá à ń sọ̀kalẹ̀ la yà sóko kòkó wọn. Wọ́n ti fi dòjé orí ọ̀pá gígùn já a lọ́jọ́ méjì sẹ́yìn, wọ́n ti kó o jọ gègèrè sábẹ́ igi, ìyàwó wọn àti àwọn obìnrin kan jókòó yí i ká wọ́n ń fọ́ ọ. Èèyàn á gbé odidi kan lé ọwọ́ òsì, á fi kùmọ̀ kékeré gbá a láàárín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á là sí méjì, á fi ìka mẹ́ta wọ́ gbogbo hóró ẹ̀ jáde sínú apẹ̀rẹ̀, á ju èèpo sẹ́yìn láìwo ẹ̀yìn, ọwọ́ á sì ti gbé òmíràn. Mo gbìyànjú àtika iye tí ọ̀kan nínú wọn fọ́ kí n tó mu píọ́ wọ́tà kan tán, ojú mi ò lè tẹ̀ lé e. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti wà nílẹ̀, orí ẹ̀ ni wọ́n máa da hóró tútù náà sí, wọ́n á fi ewé bò ó dáadáa, á wà níbẹ̀ bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà, wọ́n á máa rò ó, á gbóná nínú, òórùn ẹ̀ á yí padà, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá sá a sóòrùn. Àgbẹ̀ tó bá kánjú sá a láìjẹ́ kó gbóná tó, kòkó ẹ̀ ò ní dùn, àwọn tó ń rà á á sì mọ̀. Wọ́n fún wa ní hóró tútù pé ká lá a, "Ẹ lá a o, ẹ má gé e jẹ, inú ẹ̀ korò." Ara funfun yẹn dùn, ó kan díẹ̀, ó tutù lẹ́nu. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn ṣokoléètì, tẹ́ ò tí ì lá kòkó tútù lábẹ́ igi ẹ̀ rí, ẹ wá ọ̀nà débẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì

Ìpólé-Ìlórò la kọ́kọ́ lọ, ọ̀kadà ló gbé wa. Géètì wà níbi omi Àrìntà, wọ́n ń gbowó, ọmọ ìlú kan á sì tẹ̀ lé yín wọlé. Ẹ sanwó náà láìjà, ẹ bọ̀wọ̀ fún ẹni tó tẹ̀ lé yín, ọ̀dọ́mọkùnrin tó mú wa wọlé mọ igi kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, ó sọ fún wa èyí tí màmá ẹ̀ fi ń ṣe àgbo àti èyí tí wọn ò gbọdọ̀ gé.

Igbó ibẹ̀ ló wù mí jù. Láti géètì dé ibi omi, igi ga, ó ṣíji bo gbogbo ọ̀nà, ọ̀sán gangan ni àmọ́ ibẹ̀ tutù nini, èèyàn á ti máa gbọ́ omi kó tó rí i. Nígbà tó bá wá rí i, omi náà ń gba orí àpáta dúdú já bọ́, ó ń balẹ̀ ní àkàbà àkàbà, ọ̀pẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ewéko tútù bo gbogbo ojú àpáta, ìkúùkù omi ń fọ́n sí wa lójú látibi tá a dúró sí. Èèyàn mẹ́rin péré la bá níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bí mo bá ní ká fi Àrìntà àti Olúmirìn wé ara wọn, tó bá sì jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lèèyàn ní, Àrìntà ni màá ní kó lọ, kó fi Olúmirìn sílẹ̀. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ èèyàn ò ní gbà pẹ̀lú mi. Àmọ́ ẹ lọ jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan kẹ́ ẹ tó bá mi jiyàn.

Láti Ìpólé dé Ìkógòsì ò ju nǹkan bíi kìlómítà mẹ́fà lọ, ẹsẹ̀ la fi rìn ín. Ọ̀nà ọ̀dà ni, kò le, àmọ́ oòrùn mú gan-an, oko kòkó àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lápá méjèèjì, obì náà wà ńbẹ̀, gbogbo ẹni tó ń bọ̀ látoko ló ń kí wa, a sì ń dáhùn. Ìyá kan gbé igbá ọ̀gẹ̀dẹ̀ sọ̀, wọ́n bi wá pé kí ló dé tá ò wọ ọ̀kadà, ṣé kò sówó ni, wọ́n fẹ́ fún wa lówó! A ní rárá o Màmá, ó wù wá ká rìn ni. Wọ́n fún wa ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ dípò owó, a jẹ ẹ́ lójú ọ̀nà.

Ìkógòsì, gbogbo èèyàn ló ti gbọ́ nípa ẹ̀ ní ilé-ìwé pírámárì, omi gbígbóná àti omi tútù tó ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tó sì pàdé. Mo fẹ́ sọ pé kíkà á níwèé ò tó. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti pàdé, ẹ ki ẹsẹ̀ kan sí apá kan, ẹ ki èkejì sí apá kejì. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi wà nínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tó mú kí iṣan tó ti le látàárọ̀ dẹ̀, ẹsẹ̀ òsì wà nínú omi tútù, wọn ò sì jìnnà síra. Mo dúró síbẹ̀ títí tí àbúrò mi fi ní ó tó.

Àwọn ará ìlú ní ìtàn tiwọn, pé ọkùnrin kan ló ní ìyàwó méjì, ọ̀kan gbóná lára, ọ̀kan tutù, wọ́n jà, àwọn méjèèjì di omi, ọkọ di òkè tó wà láàárín wọn. Ohun tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sì ń sọ ni pé omi gbígbóná yẹn gba ojú sísán òkúta lọ sísàlẹ̀ ilẹ̀ gan-an, níbi tí ilẹ̀ ti gbóná, kó tó padà yọ síta, omi tútù yẹn ò lọ jìnnà bẹ́ẹ̀. Òkúta kan náà tá a tẹ̀ mọ́lẹ̀ lánàá lórí òkè Ẹ̀fọ̀n. Àwọn ìtàn méjèèjì dùn mọ́ mi, èmi ò sì rí ìdí téèyàn fi gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan jù sílẹ̀.

Àwọn míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi ló kọ́kọ́ ṣe ibùdó síbẹ̀ ní nǹkan bí 1950, òyìnbó Amẹ́ríkà kan, John McGee, ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ìjọba wá sọ ọ́ di ibi ìgbafẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Omi tí wọ́n ń dà sínú ike tí wọ́n ń pè ní Gossy, ibẹ̀ ló ti wá. A mu ún látorísun, a wọ ọ̀kadà padà sí Ẹ̀fọ̀n. Màmá ti gún iyán kalẹ̀, ẹ̀fọ́ rírò àti ẹran ìgbẹ́. "Ẹ jẹ uyán dáadáa o, ọ̀la le." Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Sátidé

Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú Sátidé torí mo fẹ́ rí bí ibẹ̀ ṣe ń rí tí èrò bá pọ̀, kí n tó sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀.

Èrò pọ̀ lóòótọ́. Nígbà tá a débẹ̀ ní aago mẹ́wàá, bọ́ọ̀sì ti tò sísàlẹ̀, ẹ̀rọ orin ti ń dún, àwọn ọmọ iléèwé wà níbẹ̀, àwọn tó wá ṣe ọjọ́ ìbí náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ẹgbẹ́, gbogbo wọn ń wẹ̀ lábẹ́ omi àkọ́kọ́, inú wọn ń dùn, kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Ohun tó dùn mí ni ike. Ike píọ́ wọ́tà, ike mínírà, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń di ráìsì, wọ́n há sáàárín òkúta, wọ́n léfòó sétí omi. Omi yẹn kì í ṣe ti wa nìkan o, àwọn abúlé tó wà nísàlẹ̀ ń lò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá gbé ike gòkè, kó gbé e sọ̀kalẹ̀. Èmi àti àbúrò mi kó àpò kan kún nígbà tá à ń bọ̀, ọmọ tó mú wa lọ náà bá wa kó o.

Ìpele méje ni Olúmirìn. Ìtàn ìlú sọ pé Akínlà, ọmọ-ọmọ Odùduwà, tó tẹ ìlú Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà dó, ló rí omi náà, wọ́n máa ń sọ pé 1140 ni. Ọ̀pọ̀ àlejò, ìpele àkọ́kọ́ ni wọ́n mọ̀, àwọn díẹ̀ á gun ìkejì. Kété tá a kọjá ìkejì, ariwo orin já, omi nìkan là ń gbọ́.

Gígun yẹn nílò ọwọ́ àti ẹsẹ̀. Gbòǹgbò igi lèèyàn máa dì mú níbi kan, níbòmíràn àfi kéèyàn fi ìdí wọ́, ilẹ̀ pupa tí omi ti rẹ máa ń yọ̀. Ọmọ tó mú wa lọ kọ́ wa lóhun kan tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá lọ rántí: ibi tó bá jẹ́ aláwọ̀ ewé lójú òkúta, má tẹ̀ ẹ́, bó ti wù kó dà bíi pé ó tẹ́ pẹrẹsẹ tó, wá ibi tó gbẹ tàbí ibi tí òkúta ti rí háráhárá. Ẹ má wẹ̀ ní àwọn ìpele òkè, ẹ má sún mọ́ etí ibi tí omi ti ń já bọ́ nítorí fọ́tò. Kò sí ọgbà, kò sí okùn, kò sí ẹni tó máa tètè débẹ̀. Bí òjò bá ṣú, ẹ sọ̀kalẹ̀ kíá, torí omi tó kún lókè kì í kéde kó tó dé.

Ìpele kọ̀ọ̀kan ní adágún kékeré tiẹ̀. Èyí tí mi ò lè gbàgbé wà lókè níbi tí èrò ò ti dé mọ́, omi ibẹ̀ mọ́ débi pé mo rí ewé tó sùn sísàlẹ̀, akàn kékeré kan jáde lábẹ́ òkúta, ó na ọwọ́ méjèèjì sí mi, ó padà wọlé, àwọn labalábá aláwọ̀ búlúù àti dúdú bà sórí iyẹ̀pẹ̀ tútù wọ́n ń mu omi, a rìn kọjá wọn, wọn ò tilẹ̀ fò. A jókòó, a jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà tí Màmá dì fún wa.

Nígbà tá a yọ sókè pátápátá, ó yà mí lẹ́nu. Èèyàn á rò pé orí òkè, ṣóńṣó ló máa jẹ́, rárá, ilẹ̀ tẹ́ lọ bẹẹrẹ, odò kan rọra ń ṣàn gba àárín oko kọjá, odò tí ọmọdé lè fo, òun ni Olúmirìn. Abúlé Àbàkẹ́ wà níbẹ̀, ilẹ̀ Èkìtì sì ni, ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun lèèyàn ti gbéra nísàlẹ̀, ó gùn ún tán ó bọ́ sí Èkìtì. Àwọn èèyàn ibẹ̀ ń dá oko, kòkó, ẹ̀gẹ́, ọ̀gẹ̀dẹ̀. Bàbá àgbà kan tó jókòó sábẹ́ àtíbàbà gba ìkíni wa, wọ́n ní ká bu omi mu, wọ́n tún bi wá bí ìlú ṣe rí, iye tí wọ́n ń ta gààrí n'Íbàdàn, bóyá mọ́tò ti wọ́n sí i. Mo bi wọ́n nípa omi náà. Wọ́n ní nínú ẹ̀ẹ̀rùn ó máa ń fà gan-an, wọ́n ní nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé kì í fà tó báyìí, igbó orísun ṣì wà nígbà yẹn, igi ńlá ti tán, wọ́n ti là á ta. Wọ́n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, wọn ò bínú. Èmi ni inú ń bí. Gbogbo owó géètì tí wọ́n ń gbà nísàlẹ̀, gbogbo fọ́tò tí wọ́n fi ń polówó, orí igbó tó wà lókè yẹn ló dá lé, ó sì yẹ kí apá kan nínú owó náà máa gun òkè lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń gbé ibẹ̀, kí wọ́n rí ìdí tí wọ́n á fi dá igi sí.

Nígbà tá à ń sọ̀kalẹ̀, orúnkún ló ro wá ju ẹsẹ̀ lọ. A délé lálẹ́, a wẹ omi gbígbóná, a sùn láìjẹun.

Sọ́ńdè

A ò rìn. Ṣọ́ọ̀ṣì láàárọ̀ pẹ̀lú Màmá, oorun lọ́sàn-án. Mo fọ bàtà.

Mọ́ńdè

Èyí ni mo ti ń rò látìgbà tá a ti kúrò nílé, ọ̀nà Kírìjì, ibi tí Ìbàdàn àti àwọn Èkìtìparapọ̀, ìyẹn Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àtàwọn tó dara pọ̀ mọ́ wọn, ti jagun. Òkè-Ìmẹ̀sí la gbà, ìlú Fábùnmi, ẹni tó pa ajẹ́lẹ̀, ìyẹn aṣojú tí Ìbàdàn fi ṣọ́ ìlú, ní 1878 tí ọ̀rọ̀ fi di ogun. Láti ibẹ̀ a lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, tó wà lábẹ́ Ọ̀ṣun báyìí, bàbá kan tí Màmá mọ̀ ló mú wa rìn láti ibẹ̀ lọ sí ìhà Ìgbájọ, síbi àfonífojì odò Ẹlẹ́mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ilẹ̀ náà ṣe rí, torí ilẹ̀ yẹn ló ṣàlàyé ogun náà fún mi. Àwọn Èkìtìparapọ̀ pàgọ́ sápá Ìmẹ̀sí-Ilé, àwọn Ìbàdàn pàgọ́ sápá Ìgbájọ, òkè lọ́hùn-ún, òkè níbí, odò láàárín. Ẹ dúró sórí òkè apá kan, ẹ máa rí èkejì kedere, tí wọ́n bá dáná lọ́hùn-ún èéfín ẹ̀ ò ní pamọ́. Ẹni tó bá fẹ́ kọlu èkejì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ níbi tí kò ti sí ibi ìsápamọ́, kó wá máa gòkè bọ̀ sójú ìbọn. Báwo lẹnikẹ́ni ṣe fẹ́ borí níbẹ̀? Ògèdèǹgbé ló ṣáájú Èkìtìparapọ̀, Látòósà ló ṣáájú Ìbàdàn, Látòósà kú sínú ibùdó ogun ní 1885, ogun ò parí. Sàmúẹ́lì Johnson àti Charles Phillips, àwọn òjíṣẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ló ń lọ tí wọ́n ń bọ̀ láàárín àwọn méjèèjì títí wọ́n fi fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án 1886, síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun ò tú ká pátápátá àfi ní 1893. Láti 1877, kí Fábùnmi tó pa ajẹ́lẹ̀ yẹn pàápàá, ni wọ́n ti máa ń ka ogun náà, ọdún mẹ́rìndínlógún.

Oko iṣu ló wà níbẹ̀ báyìí. Wọ́n ti ń wa iṣu, ebè tí wọ́n ti tú wà lápá kan, èyí tí wọn ò tí ì tú wà lápá kejì, ewé iṣu ti gbẹ lórí igi tí wọ́n fi gbè é. Bàbá tó mú wa lọ mú àdá, wọ́n fi ẹnu ẹ̀ yí ebè kan ká jẹ́jẹ́ kó má ba à gé iṣu, wọ́n fi ọwọ́ kó iyẹ̀pẹ̀ kúrò, wọ́n mi ìdí ẹ̀, wọ́n fà á yọ, iṣu tó gùn tó apá mi. Ìgbà yẹn ni wọ́n wá bi wá pé ìlú wo gan-an la ti wá. Mo ní Ìbàdàn, Bàbá, ọmọ Ìbàdàn ni wá, agboolé wa wà lápá Ọjàaba. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀ o, ìjà ti parí." Wọ́n gbé iṣu náà lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní bàbá tó bí bàbá àwọn jà níbí yìí, wọ́n ní àwọn ò mọ orúkọ ẹni tí wọ́n bá jà, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bàbá tó bí bàbá yín. Mo ní ó ṣeé ṣe, Bàbá. A jọ sọ̀kalẹ̀ lọ sódò, a fọ ọwọ́, a bu omi sórí, a gòkè apá kejì.

Kò sí géètì lójú ọ̀nà tá a gbà yẹn, kò sí ẹni tó ń gbowó. Mi ò mọ̀ bóyá kí n bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ṣe ojú ọ̀nà síbẹ̀ tàbí kí n bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kéré tán, kí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ iléèwé wa pé ibẹ̀ wà, kí wọ́n sì mú wọn lọ rìn ín láti òkè dé òkè, ó máa yé wọn ju bí tíṣà ṣe máa kọ ọ́ sójú bọ́ọ̀dù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Mọ́tò Iléṣà tètè máa ń gbéra l'Ẹ́fọ̀n, aago mẹ́fà ààbọ̀ la ti wà ní gáréèjì pẹ̀lú iṣu Ìmẹ̀sí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tí Màmá rà fún wa, àti ẹsẹ̀ tó ń ro wá. Fún ẹni tó bá fẹ́ lọ: kò dandan kẹ́ ẹ ní bàtà òkè-òkun, bàtà tó bá ṣáà ti le ní ìsàlẹ̀ tó sì dì mọ́ ẹsẹ̀ ti tó, sálúbàtà ò dáa rárá. Ẹ mú ṣòkòtò gígùn nítorí ewé àti kòkòrò, ẹ mú owó kéékèèké lọ́wọ́ torí ibi tí nẹ́tíwọ̀kì ò sí, fóònù ò lè sanwó ọ̀kadà. Ẹ kí ẹni tẹ́ ẹ bá pàdé lóko kẹ́ ẹ tó béèrè ọ̀nà, ẹ má já nǹkan kan lórí igi onígi. Ẹ gbé ẹni tó mọ ilẹ̀ dání, kẹ́ ẹ sì fún un lówó tó jọjú, ọjọ́ iṣẹ́ ẹ̀ lẹ gbà.

Àwa máa padà lọ́dún tó ń bọ̀ tí Ọlọ́run bá fẹ́. Bàbá orí òkè ní ọ̀nà kan wà tó gba orí òkè Ẹ̀fọ̀n lọ tààrà sí Àbàkẹ́ láìdé ọ̀dà rárá, àwọn àgbẹ̀ ló ń rìn ín, wọ́n ní ká tètè dé nítorí ó gba odidi ọjọ́ kan, wọ́n sì ní ká mú bàtà róbà wá.